Abẹ̀bẹ̀ Tó Gúnlẹ̀ sí Ẹrẹ̀ Tanghin

Hippolyte Adéòtí, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, oníṣòwò ẹ̀yà ara mọ́tò ní àdúgbò Dapoya ní Ouagadougou, gba ìròyìn ayọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Àwọn kan ní Cotonou, tí wọ́n ń ṣe ìpàdé lórí iná mànàmáná tí a ń fi afẹ́fẹ́ ojú òkun ṣe, kọ̀wé sí i pé ó wà lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà ní apá ibi tiwa yìí, àti pé àwọn ń bọ̀ láti wá fi ojú ara àwọn rí ohun tó ṣe. Láti ọjọ́ náà, kò sí etí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Dapoya. Ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń gé irun rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún ẹni tó wá ra bẹ́líìtì mọ́tò, ó mú kí onítọ̀hún dúró nínú oòrùn títí ọ̀rọ̀ fi tán. Ó sọ ọ́ fún ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí, tí kò gbọ́ èdè kankan ju Mooré lọ. Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, "Barka, barka," ó sì na búrẹ́dì kan sí i bóyá ó fẹ́ rà á.

Òkun tó sún mọ́ Ouagadougou jù lọ, ènìyàn á wọ bọ́ọ̀sì fún odindi ọ̀sán àti òru kó tó gbọ́ ariwo rẹ̀. Bí ẹnìkan ṣe wá di aṣáájú afẹ́fẹ́ ojú òkun ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ìyanu fún ẹni tó mọ Hippolyte.

Pobè ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Cotonou ló dàgbà sí, lẹ́yìn èbúté. Nítorí náà, ó máa ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ òkun. Kò pa ẹja rí. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Rodolphe, tó ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ouagadougou, ránṣẹ́ pè é pé kó wá ran òun lọ́wọ́. Ó wá. Kò pẹ́ tó fi ń pàṣẹ fún ẹni tó pè é. Rodolphe jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, ó jẹ́ kó máa pàṣẹ. Rodolphe ló fẹ́ Latifatou, ọmọ Savè, mùsùlùmí. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ìyàwó ń kírun rẹ̀, wọ́n sì jọ ń jẹun nínú àwo kan. Nígbà tí Rodolphe kú, Hippolyte sunkún ju gbogbo ènìyàn lọ níbi ìsìnkú, ó sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó ti yí orúkọ tó wà lójú pátákó padà sí tirẹ̀. Latifatou kò bá a jà. Ó mú agolo ìbomirin méjì, ó lọ sí Tanghin.

Gbogbo ẹni tó ń ro oko létí adágún Tanghin ló mọ bí iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe rí. Nígbà òjò, omi á kún dé ẹsẹ̀ ògiri àwọn ilé. Tí òjò bá ti dá, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, àwọn àgbẹ̀ á sì máa tẹ̀lé e. Wọ́n á gbin sàláàdì sí ibi tí ẹja ń gbé ní oṣù tó kọjá. Wọ́n á gbin àlùbọ́sà sí iwájú sàláàdì, wọ́n á sì tún sún síwájú sí i. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ dáadáa á gbin fraise, èso pupa kékeré tí àwọn oníkéèkì àti àwọn ilé oúnjẹ ìgboro máa ń dù mọ́ra wọn lọ́wọ́ láti oṣù kìíní títí di oṣù kẹrin. Fraise Latifatou ni wọ́n ń béèrè jù.

Ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ìdílé Nasirou, Moaga àgbàlagbà kan, ọmọ onílẹ̀, tí ilé rẹ̀ wà lókè etí omi, ni wọ́n ń yá àwọn àlejò ní ilẹ̀ ibẹ̀ láti ìgbà àwọn bàbá wọn. Wọn kì í gba owó. Lọ́dọọdún, tí omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, àlejò á mú obì àti adìyẹ lọ kí àgbà náà, àgbà á sì tọ́ka sí ibi tí yóò ro. Ohun kan ṣoṣo ló lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àlejò: kó mú wàhálà wá sí etí omi, tàbí kó mú ẹni tó ń fa wàhálà wá. Latifatou ti ro ó fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ó fi tọ́ ọmọ rẹ̀ Àmínù di ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Bobo, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ariwo rẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Hippolyte lọ sí Cotonou fún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí afẹ́fẹ́ ojú òkun. Ẹnìkan tí wọ́n pè ni kò lè lọ, òun ló lọ dípò. Ó padà pẹ̀lú akoto funfun kan, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé gíga máa ń dé. Ó ń dé e gun mọ́tò. Ó ń dé e lọ sí ọjà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń ṣí i, a sì gbé e lé orúnkún kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn lè béèrè ohun tó jẹ́. Láàárín oṣù díẹ̀, ó ti rí àjọ kan ní òkè òkun tó fẹ́ rí orúkọ Burkina nínú ìwé wọn. Wọ́n fi irin, ẹ̀rọ àti apá ńláńlá mẹ́ta ránṣẹ́ sí i. Ohun tó kù báyìí ni omi.

Ó lọ bá Latifatou nínú oko.

"Ìyá Àmínù, o ti gbé omi tó láyé yìí. Mo fẹ́ kí o gbé agolo yẹn sílẹ̀."

"Ẹ kú ìrìn, ọkọ mi," ni Latifatou dá a lóhùn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ, bó ti wù kó rí. "Ta ló fẹ́ máa bá mi gbé e?"

"Afẹ́fẹ́."

"Afẹ́fẹ́ Ouaga? Èyí tí kò lè gbé ìborùn mi lórí okùn?"

"Lórí omi ó yàtọ̀. Mo kọ́ ọ ní Cotonou."

"Ní Cotonou lẹ ti kọ́ ọ, mo gbọ́. Tanghin ni omi tèmi wà."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ènìyàn máa ń rín fún ọmọdé. Ó ní òun yóò gbé ẹ̀rọ kan léfòó sórí adágún, afẹ́fẹ́ á máa yí i, ẹ̀rọ á máa fa pọ́ńpù, pọ́ńpù á sì máa tú omi sórí ebè gbogbo ènìyàn. Latifatou béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹja, àwọn ẹyẹ, àti omi fúnra rẹ̀. Hippolyte ti mú ìdáhùn bọ̀ láti Cotonou. Ẹja á pọ̀ sí i lábẹ́ rẹ̀ nítorí ibòòji. Àwọn ẹyẹ á mọ́ ọn lára láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Gírísì inú ẹ̀rọ kò lè jò.

Kì í ṣe pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Lójú òkun, níbi tí wọ́n bá ti ri òpó irin mọ́lẹ̀, ẹja a máa kó jọ sí ìdí rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀ a máa fi ọdún wo ọ̀nà tí ẹyẹ ń gbà kọjá, wọ́n a máa wo ariwo tí òpó ń dá sínú omi àti ohun tó lè ṣe fún àwọn ẹran inú òkun, wọ́n sì ń jiyàn lórí rẹ̀ títí di òní. Hippolyte gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀, kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wọn ní bí a ṣe ń wo omi kí a tó fọwọ́ kàn án ni ó lọ kí àwọn ẹbí ní Porto-Novo.

Latifatou mú un lọ sọ́dọ̀ Nasirou nítorí pé kò lè kọ̀ fún àbúrò ọkọ rẹ̀. Àgbà náà wo akoto funfun náà fún ìgbà pípẹ́.

"Latifatou, ṣé o mọ ọkùnrin yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Baba. Àbúrò ọkọ mi tó kú ni."

"Ohunkóhun tó bá gbé sórí omi wa, ọwọ́ rẹ ni mo ti máa béèrè. Ilẹ̀ rẹ ni mo fi ń sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́, Baba."

"D'accord, d'accord," ni Hippolyte wí, ó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ni, adágún kún dẹ́nu. Ó so àgbá rọ́bà mọ́ra wọn, ó tẹ́ pákó lé wọn lórí, ó gbé òpó irin nàró sáàárín, ó sì fi apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí òkè rẹ̀. Àwọn ará etí omi sọ ọ́ ní abẹ̀bẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó fi ọ̀pá gígùn kan wọn omi náà níbẹ̀, ó ní ó jìn tó. Ó fi okùn irin mẹ́rin so ó mọ́ èèkàn létí omi, ó sì dẹ okùn náà díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Sandra, tó ń kàwé ní yunifásítì, tó wá ya fọ́tò, bi í pé kí ló dé tó dẹ ẹ́.

"Nítorí ìgbà tí omi bá lọ tó sì padà. Gbogbo ènìyàn tó mọ òkun ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Papa, franchement. Barrage nìyí, adágún tí wọ́n fi ògiri sé. Ìgbà wo ló ń padà?"

"Gbogbo omi ló ń padà, Sandra. Etí omi ni mo dàgbà sí."

Kò sí ẹni tó ti lo ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo ní Ouagadougou tí kò mọ̀ pé omi Tanghin, tó bá ti ń lọ, kì í padà ní ìrọ̀lẹ́. Ó ń lọ láti oṣù kọkànlá, títí òjò oṣù keje fi máa dá a padà. Hippolyte pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Ó ti ń gun mọ́tò kọjá lórí ògiri adágún náà láti ogún ọdún ó lé, lọ́dọọdún ló ń rí ilẹ̀ dúdú tó ń yọ jáde àti àwọn tó ń gbin nǹkan sí i. Ó rí i, kò wò ó. Òkun tó fi sílẹ̀ ní ọ̀dọ́ ló ń wò.

Kí a má parọ́ mọ́ ọn, abẹ̀bẹ̀ náà yí. Nígbà tí ọyẹ́ dé tó sì fẹ́ gan-an, apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ yíká, pọ́ńpù ń fà, omi ń dà sórí ebè. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn obìnrin etí omi gbé agolo sílẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń fi ìfẹ́ bú ẹ̀rọ náà. Hippolyte ya fọ́tò púpọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Àwọn fọ́tò náà ló dé Cotonou.

Àwọn lékeléke ló kọ́kọ́ fi ibẹ̀ sílẹ̀. Láàárọ̀, wọ́n máa ń tò sáàárín ebè bí ẹni tó wá gba iṣẹ́, wọ́n a máa ṣa kòkòrò ajẹwé jẹ. Òjìji apá ńlá tó ń fẹ́ kọjá lórí wọn kò mọ́ wọn lára ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò mọ́ wọn lára rárá. Wọ́n kó lọ sí adágún kejì. Kòkòrò bá jókòó sórí sàláàdì, wọ́n jẹ ẹ́ títí ó fi dà bí asẹ́. Lẹ́yìn náà ni gírísì tí kò lè jò bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ó ń kán láti òkè òpó sínú omi, ó ń tàn bí awọ ejò lórí omi náà, pọ́ńpù sì ń fà á, ó ń tú u sórí fraise.

Agathe, oníkéèkì kan lẹ́bàá Bilbalogo tó ti ń ra fraise lọ́wọ́ Latifatou láti ọjọ́ pípẹ́, ọmọ Bénin bíi tirẹ̀, gbé èso kan sókè, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì rọra dá a padà sínú abọ́.

"Ìyá Àmínù, ẹ máà bínú. Mi ò lè fi èyí sórí gâteau ìgbéyàwó. Ó ń rùn bí ṣọ́ọ̀bù mọ́tò."

"Ṣọ́ọ̀bù mọ́tò náà ló ti wá," ni Latifatou wí.

Ó pa pọ́ńpù náà fúnra rẹ̀, ó tún mú agolo rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ti ń fà sẹ́yìn. Okùn irin tí Hippolyte dẹ fún ìlọ àti àbọ̀ dùbúlẹ̀ gbọọrọ lórí ebè tuntun, àwọn ènìyàn ń fẹsẹ̀ kọ́ ọ. Ní oṣù kẹta, abẹ̀bẹ̀ náà gúnlẹ̀. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọ̀mùtí, ní iwájú oko Latifatou gan-an.

Ìyókù ni ti ẹja. Hippolyte sọ òótọ́ lórí ẹja: wọ́n ti kó jọ sábẹ́ ibòòji rẹ̀, àrọ̀ àti epìyà, ju bí ẹnikẹ́ni ti rí i rí lọ. Lójú òkun, irú ẹja bẹ́ẹ̀ ní ibi tí wọ́n lè lọ. Ní Tanghin, omi yòókù sá fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n há sínú kòtò kékeré kan lábẹ́ àgbá rọ́bà, gírísì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Epìyà kọ́kọ́ kú. Òórùn náà gòkè lọ sí àgbàlá Nasirou, ó wọ inú oúnjẹ, ó wọ inú omi àlùwàlá. Àwọn tó ń bu omi nítòsí ibẹ̀ fún oko wọn kò lè bu ú mọ́.

Nasirou ránṣẹ́ sí Latifatou. Kò pariwo. Ó ní kó mú ọkùnrin rẹ̀ wá ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, kí gbogbo ará etí omi wà níbẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ náà kò bá ní orí ní ọjọ́ náà, ẹlòmíràn ni yóò ro ilẹ̀ rẹ̀ tí omi bá tún fà.

Latifatou lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Dapoya, ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ rẹ̀ dá sílẹ̀. Hippolyte ń fi fọ́tò han oníbàárà kan.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé nǹkan yín kúrò nínú ẹrẹ̀. Ilẹ̀ mi ń lọ."

"Ìyá Àmínù, má dààmú ara rẹ. Wọ́n ń bọ̀ láti Cotonou wá wò ó. Ṣé kí n tú u palẹ̀ kí wọ́n tó rí i?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ rí? Ẹja jíjẹrà?"

"A ó mú wọn gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí wọ́n bá dúró níbi igi yẹn, ẹrẹ̀ ò ní hàn."

"Wọ́n á ti di imú mú kí wọ́n tó dé ìdí igi." Ó dìde. "Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ní àgbàlá Baba Nasirou. Tí ẹ ò bá wá, mo máa wí fún un pé èmi nìkan ni mo kù nínú ìdílé tí ọkọ mi fi sílẹ̀."

Ó wá, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ká a lára níwájú oníbàárà. Ó dé akoto, ó wọ bàtà aláwọ tuntun. Àwọn ará etí omi ti jókòó sábẹ́ igi nínú àgbàlá Nasirou, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì. Òórùn kòtò náà jókòó sáàárín wọn. Latifatou wà ní iwájú àwọn obìnrin, obì àti adìyẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú agbọ̀n. Ó ti rà wọ́n fún Hippolyte, kó lè fi wọ́n tọrọ àforíjì, nítorí ó mọ̀ pé kò ní rántí.

Èdè Mooré ni wọ́n sọ, Hippolyte gbọ́ ọ dáadáa.

"Ohun tó wà nínú ẹrẹ̀ yẹn," ni Nasirou wí, "ta ló ni ín?"

Gbogbo wọn mọ ohun tó wà nínú ìbéèrè náà. Ẹni tó bá ní òun ló ni ín, yóò mú obì àti adìyẹ, yóò tọrọ àforíjì, yóò sì bọ́ bàtà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, yóò wọ inú ẹrẹ̀ lọ, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o jáde, òun àti ẹja tó ti kú. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí, wọn kò ní mẹ́nu kàn án mọ́. Àwọn tí ojú ti ti ju bẹ́ẹ̀ lọ ti ṣe é níbẹ̀ rí, wọ́n sì ń kí wọn títí di òní.

Hippolyte wo bàtà rẹ̀.

"Baba, kì í ṣe tèmi. Ti projet ni."

"Projet. Àgbàlá wo ló ń gbé?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ní òun mọ Projet, pé ó jẹ òun ní gbèsè ní Tampouy. Ẹ̀rín tún pọ̀.

"Òkè òkun ni wọ́n wà, Baba."

"Ṣé wọ́n ń bọ̀ wá gbé e?"

"Rárá, Baba. Iṣẹ́ tiwọn ti parí."

"Ìwọ ńkọ́? Ojú wa yìí lo ṣe gbé e wá."

"Olùgbani-nímọ̀ràn lásán ni mí. Consultant. Mo wí pé báyìí ni kí wọ́n ṣe é, wọ́n ṣe é. Tí nǹkan bá bàjẹ́, kì í ṣe orí mi ló wà."

Latifatou, tó ti na ọwọ́ sí agbọ̀n láti gbé obì fún un, dá ọwọ́ náà dúró. Ó wo Nasirou, ó wo ẹrẹ̀, ó tún wo àbúrò ọkọ rẹ̀. Ó fi aṣọ bo agbọ̀n náà padà.

"Ọkọ mi," ó sọ ọ́ ní Mooré, kí gbogbo wọn lè gbọ́, "ẹ dákun, ẹ tún un wí. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín, àbí ẹ̀yin kọ́?"

"Èmi kọ́! Ìgbà mélòó ni kí n wí? Kì í ṣe tèmi. Mi ò ní nǹkan kan lórí omi yìí."

Nasirou mi orí. Ó sọ òfin tí gbogbo wọn ti mọ̀ láti kékeré, tí Hippolyte kò gbọ́ rí nítorí kò béèrè rí. Ohun tí kò bá ní ẹni tó ni ín, tí omi bá fi sílẹ̀ nígbà tó ń fà, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ìbáà jẹ́ àwọ̀n, ti ẹni tó ń ro iwájú ibẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó tún lè béèrè rẹ̀.

"Latifatou, iwájú oko rẹ ló wà. Ìwọ lo ni ín. Kó o kúrò kí o sì gbẹ́ kòtò yẹn sílẹ̀ kí omi rẹ̀ lè ṣàn lọ. Ní ti ọkùnrin tí o mú wá, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò gbé nǹkan kan sórí omi wa. Kí ni mo tún fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ? Ilẹ̀ rẹ wà níbi tó wà."

"Barka, Baba," ni Latifatou wí. Ó gbé agbọ̀n náà fún àgbà náà, ní orúkọ ara rẹ̀.

Hippolyte fi ayọ̀ gun mọ́tò rẹ̀ lọ sílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń sọ fún àwọn tó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù bí òun ṣe fi ọgbọ́n bọ́ lọ́wọ́ àwọn ará abúlé, bí àgbà náà ṣe wò ṣùù nígbà tí òun sọ French kan fún un. Ẹnu rẹ̀ kò kan ẹni tí ọgbọ́n náà fi abẹ̀bẹ̀ lé lọ́wọ́.

Ní Tanghin, wọn kò dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, gbogbo ará etí omi bọ́ sínú ẹrẹ̀. Àwọn tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ láàárín wọn ló kọ́kọ́ sọ ẹ̀rọ òkè kalẹ̀. Latifatou ní kí wọ́n gbé e sínú agbada ńlá, kí wọ́n má ṣe ṣí i létí omi, kí ìyókù gírísì má baà dà sílẹ̀. Wọ́n ru ú lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà. Wọ́n gé okùn irin kúrò lórí ebè. Wọ́n gbẹ́ ojú omi láti inú kòtò dé inú adágún, àwọn àrọ̀ díẹ̀ tó ṣẹ́kù sì fi àyà wọ́ gba ibẹ̀ lọ, dúdú, wọn kò wo ẹ̀yìn. Àgbá rọ́bà pín kárí, oko kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀ láti fi gbé omi sí. Pákó di ọgbà tí àwọn ewúrẹ́ kò lè fò. Latifatou mú ọ̀kan nínú apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gbé e lé orí òpó igi mẹ́rin, ó di ibòòji fún àwọn ọmọ fraise tó fẹ́ tọ́jú di ọdún tó ń bọ̀. Ìyẹn nìkan ni ohun tí abẹ̀bẹ̀ náà ṣe láìba nǹkan míì jẹ́.

Kí oòrùn ọjọ́ Àìkú tó wọ̀, kò sí ohun tó kù níbẹ̀ ju ojú kòtò tó ń gbẹ lọ. Àwọn lékeléke kò tíì padà. Latifatou pe Hippolyte lórí fóònù láti sọ fún un. Kò gbé e. Ó tún pè, kò gbé e. Ó rò pé ìyá Àmínù fẹ́ kí òun wá bá wọn gbé nǹkan wúwo, nítorí lójú tirẹ̀ wọn kò lè dá a gbé kúrò kí àwọn àlejò tó dé. Kò sì tíì gba ọ̀nà Tanghin láti ọjọ́ Jímọ̀, nítorí òórùn, àti nítorí bàtà.

Sandra mọ̀. Ó lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó bá wọn gbé pákó, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ ní kó bá òun lọ ẹ̀wù funfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ ìkíni tó fẹ́ fi gba àwọn àlejò sí i létí.

"Papa, ẹ ti lọ wo ibẹ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ wò? Èmi ni mo ṣe é. Èmi ni mo ni ín."

Sandra wò ó. Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó lọ ẹ̀wù náà dáadáa, títí dé ọrùn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, àwọn àlejò láti Cotonou yóò dé sí Dapoya. Hippolyte ni yóò ṣáájú wọn lọ sí Tanghin, yóò ní kí wọ́n dúró sídìí igi tó ti yàn fún wọn, yóò sì na ọwọ́ sí orí omi. Ó ti fọ akoto rẹ̀.